Bí Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Bá Daṣẹ́ Sílẹ̀ Nílé Yín: Ìmọ̀ràn Ìlera àti Ààbò fún Àwọn Àgbà

Ìwé ìléwọ́ yìí wà fún ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbé ní àgbègbè wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ń dá gbé, tàbí tí ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín nìkan jọ wà nínú ilé. Ó ṣàlàyé ohun tí ẹ lè ṣe bí ẹ̀rọ ìfọṣọ kò bá ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, ohun tí kò yẹ kí ẹ dán wò rárá, àti ẹni tí ẹ lè pè.

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ wọ inú ìmọ̀ràn ìlera. Ìdí rẹ̀ nìyí. Inú ẹ̀rọ ìfọṣọ ni omi, iná mànàmáná àti ooru ti ń pàdé ara wọn. Nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, a kì í rántí èyí. Nígbà tí ó bá bàjẹ́, omi lè dà sílẹ̀ kí ènìyàn yọ̀ ṣubú, omi gbígbóná lè bó ni lára, iná mànàmáná sì lè gbé ènìyàn tàbí kí ó dá ìjàm̀bá sílẹ̀. Bí ó bá sì pẹ́ kí a tó tún un ṣe, aṣọ ibùsùn àti aṣọ ìnura yóò máa pọ̀ sí i láìfọ̀, àgbà á sì fẹ́ fi ọwọ́ fọ ohun tó wúwo ju agbára rẹ̀ lọ.

Púpọ̀ nínú ohun tí ń mú kí ẹ̀rọ ìfọṣọ dúró kì í ṣe ìbàjẹ́ gidi. Ó lè jẹ́ ilẹ̀kùn tí kò pa dé dáadáa, táàpù omi tí a gbàgbé láti ṣí, tàbí ẹyọ owó kan ṣoṣo tó há sínú asẹ́. Àwọn wọ̀nyí, ọwọ́ yín lè ká wọn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà nìkan ló yẹ kó sún mọ́ wọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni gbogbo ìwé yìí dá lé.

Ìgbà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ tún ẹ̀rọ náà ṣe fúnra yín

Ẹ kọ́kọ́ ka apá yìí, nítorí òun ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, ẹ má ṣe dán àtúnṣe kankan wò:

• Òórùn ohun tó ń jó, tàbí ti rọ́bà tó ń yọ́.
• Èéfín, tàbí iná tó ń ta pàrà lẹ́yìn ẹ̀rọ tàbí lára sọ́kẹ́ẹ̀tì.
• Plọ́ọ̀gì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbóná gan-an, tó yọ́, tàbí tó ti dúdú.
• Wáyà tó bó, tó gé, tàbí tí eku ti jẹ.
• Ara ẹ̀rọ tó ń ta yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó kéré tó.
• Iná ilé tó ń kú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ náà.
• Omi tó ń jò lọ sí ibi tí wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà.

Bí ọwọ́ yín bá gbẹ, tí ilẹ̀ tí ẹ dúró lé sì gbẹ, ẹ pa súwíìṣì tó wà lára ògiri, kí ẹ sì yọ plọ́ọ̀gì. Bí ẹ bá rí iná tó ń ta pàrà níbẹ̀, tàbí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ti yọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ lọ pa iná gbogbo ilé láti inú àpótí iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí omi bá ti yí ibẹ̀ ká: ẹ má ṣe rìn wọ inú omi náà. Bí ẹ kò bá lè dé ìdí àpótí iná láìfẹsẹ̀ kan omi, ẹ jáde kúrò nínú yàrá náà, kí ẹ sì pe ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́.

Bí ẹ̀rọ bá ti gbiná, ẹ má ṣe ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ má sì da omi sí i. Ẹ pa ilẹ̀kùn yàrá náà dé, ẹ kó gbogbo ẹni tó wà nílé jáde, kí ẹ pe 999 láti ìta. Ẹ má padà wọlé nítorí owó, ìwé ìrìnnà tàbí aṣọ. Àwọn kan ti máa ń fi ìpè falẹ̀ nítorí wọ́n rò pé wọn yóò san owó. Àwọn panápaná kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Bí iná mànàmáná bá gbé ẹnìkan, ẹ má ṣe di ẹni náà mú. Ẹ kọ́kọ́ pa iná, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì pe 999.

Ìmúrasílẹ̀ kí ẹ tó yẹ ẹ̀rọ wò

Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú àwọn àmì òkè yìí, ẹ lè yẹ ẹ̀rọ náà wò. Ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí ná:

1. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ pa súwíìṣì ara ògiri, kí ẹ sì yọ plọ́ọ̀gì. Bọ́tìnì ara ẹ̀rọ nìkan kò tó.

2. Ẹ nu ilẹ̀ gbẹ. Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, kì í ṣe sálúbàtà tó ń yọ̀ tàbí ìbọ̀sẹ̀ lásán. Ṣíṣubú lórí ilẹ̀ tó tutù lè ṣẹ́ egungun ìbàdí àgbà, irú ìpalára bẹ́ẹ̀ kì í sì í tètè san.

3. Ẹ má ṣe fa ẹ̀rọ náà jáde kúrò ní àyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ ló wúwo tó kìlógíráàmù 60 sí 80, nítorí pé kọnkéré tàbí irin wíwúwo wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó fò nígbà tó bá ń yí. Bí ó bá di dandan kí a fà á, kí ọ̀dọ́ méjì ṣe é.

4. Ẹ jókòó sórí àga kékeré dípò kí ẹ bẹ̀rẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ pẹ́. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òòyì lè kọ́ yín nígbà tí ẹ bá dìde lójijì. Ẹ rọra dìde, kí ẹ di ohun tó dúró ṣinṣin mú.

5. Ẹ fi fóònù sínú àpò aṣọ yín. Bí ẹ bá ṣubú, fóònù tó wà nínú pálọ̀ kò wúlò fún yín ní ilé ìdáná.

Bí ẹ̀rọ kò bá tan rárá

Ẹ wò bóyá iná wà nínú ilé. Bí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn, ẹ pe 105, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí iná bá wà, ẹ rántí pé nínú ọ̀pọ̀ ilé ìdáná ní orílẹ̀-èdè yìí, súwíìṣì tó ń darí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ ìfọṣọ wà lókè tábìlì ìdáná, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ sì fara pamọ́ sísàlẹ̀. Ẹnìkan lè ti pa súwíìṣì náà láìmọ̀ nígbà tó ń nu ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ títí ẹ ó fi gbọ́ ìró rẹ̀ pé ó ti dé. Etí aṣọ kékeré tó há sẹ́nu ọ̀nà tó láti dá iṣẹ́ dúró. Bí ẹ bá rí àwòrán kọ́kọ́rọ́ tàbí ojú ọmọdé tó ń tàn, ìdènà tí a fi ń dáàbò bo àwọn ọmọdé ni a ti tẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì kan náà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, yóò tú. Ẹ tún wò bóyá a ti pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà láti bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí mìíràn.

Fíúùsì inú plọ́ọ̀gì lè ti jó. Èyí tí ẹ̀rọ ìfọṣọ máa ń lò ni ti 13 amp. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ tó tún jó, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ pe oníṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bébà onírin tàbí ìṣó dí àyè fíúùsì. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ ìfọṣọ sí wáyà àfikún tí a fi ń pín iná. Ó lè gbóná kó sì jó. Ara ògiri gan-an ni kó ti gba iná.

Bí omi kò bá wọlé

Ẹ wò bóyá táàpù tó ń fún ẹ̀rọ lómi ṣí sílẹ̀ pátápátá, àti bóyá rọ́bà omi ẹ̀yìn ẹ̀rọ kò ká tàbí kí nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ṣí táàpù ilé ìdáná pẹ̀lú; bí omi kò bá yọ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ ló jẹ̀bi.

Ní Lọ́ńdọ̀nù àti gúúsù ìlà-oòrùn Íńgílándì, omi máa ń gba inú òkúta ẹfun kọjá, ìdí nìyẹn tí ohun funfun líle fi máa ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù yín. Ohun kan náà ń lẹ̀ mọ́ irin tó ń gbóná nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó sì lè dí asẹ́ kékeré tó wà níbi tí rọ́bà omi ti wọlé. Nítorí pé ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni asẹ́ yẹn wà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó lágbára.

Bí omi kò bá jáde, tí aṣọ sì rin gbingbin

Èyí wọ́pọ̀ gan-an. Ohun tó sábà máa ń fà á ni asẹ́ tó dí. Ẹyọ owó, pín-ìn-nì, bọ́tìnì, ìlẹ̀kẹ̀, bébà ìnumú, àti irin inú kọ́mú ni a sábà máa ń bá níbẹ̀. Bí ẹ ṣe lè nù ún nìyí:

1. Ẹ dúró kí omi inú ẹ̀rọ tutù. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gíláàsì ilẹ̀kùn. Bí ó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan asẹ́. Omi tí a fi ń fọ aṣọ ní ìwọ̀n ooru 60°C lè bó awọ ara àgbà ní kíákíá, nítorí awọ wa ń fẹ́lẹ́ bí a ti ń dàgbà sí i.

2. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura àtijọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé àwo pẹrẹsẹ síwájú ẹ̀rọ.

3. Ẹ ṣí ìdérí kékeré tó wà nísàlẹ̀ níwájú, tí ó sábà máa ń wà lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá rí rọ́bà kékeré níbẹ̀, ẹ fà á jáde, ẹ yọ ìdí rẹ̀, kí omi rọra ṣàn sínú àwo. Ẹ máa da omi náà nù díẹ̀díẹ̀. Àwo tó kún wúwo, ó sì ń dànù.

4. Nígbà tí omi bá tán, ẹ rọra yí asẹ́ sí apá òsì títí yóò fi jáde. Ẹ fọ̀ ọ́ lábẹ́ táàpù. Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ihò rẹ̀ kí ẹ tó fi ọwọ́ bọ̀ ọ́, nítorí abẹ́rẹ́ àti pín-ìn-nì lè wà níbẹ̀. Ó sàn kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

5. Ẹ dá asẹ́ padà, kí ẹ yí i títí yóò fi dé gbọn-in. Asẹ́ tí kò dé dáadáa ni yóò da omi sí ilé ìdáná yín nígbà tí ẹ bá tún tan ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá ti ṣe èyí tí omi kò sì jáde síbẹ̀, ó lè jẹ́ pé pọ́ǹpù ti kú tàbí pé ọ̀nà omi ìdọ̀tí lábẹ́ síǹkì ti dí. Ẹ pe oníṣẹ́.

Bí ilẹ̀kùn kò bá ṣí

Ìdènà ilẹ̀kùn kì í tú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Bí ẹ bá ń rí omi lẹ́yìn gíláàsì, ilẹ̀kùn náà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ tàbí ṣíbí ya á, kódà bí kọ́kọ́rọ́ ilé tàbí awò ojú yín bá wà nínú rẹ̀. Gíláàsì lè fọ́, omi gbígbóná sì lè tú jáde sí yín lẹ́sẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá ń mì tìtì tàbí tó ń pariwo

Ẹ̀rọ máa ń mì nígbà tí ẹrù rẹ̀ bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìró, agbádá tàbí aṣọ ìbora ńlá kan ṣoṣo yóò mu omi, yóò ká jọ sójú kan, yóò sì máa gbá ẹ̀rọ bí ó ti ń yí. Ẹ fi aṣọ kéékèèké mìíràn kún un kí ẹrù lè pín, ṣùgbọ́n kí ẹ fi àyè tó gba àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ lókè aṣọ. Aṣọ òkè kò yẹ fún ẹ̀rọ yìí rárá. Àdìrẹ aláró pàápàá, ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù, nítorí aró rẹ̀ yóò ràn mọ́ aṣọ yòókù.

Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ tuntun tó sì ń fò káàkiri, ẹ bi ẹni tó gbé e wá bóyá ó yọ àwọn bóòtù gígùn ẹ̀yìn tí a fi dì í mú fún ìrìn-àjò. Bí ariwo bá dà bí irin tó ń lọ irin, tó sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ẹ dá a dúró. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Bí omi bá ń jò sílẹ̀

Ẹ wo ibi tí omi ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ nu rọ́bà tó yí ẹnu náà ká, kí ẹ yọ òwú àti irun tó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àpótí ọṣẹ, ọṣẹ ti pọ̀ jù. Ìfóòfò púpọ̀ kọ́ ni aṣọ mímọ́. Ìwọ̀n tí a kọ sára páálí tó. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ níwájú, ẹ tún asẹ́ dì. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn, rọ́bà omi ló ń jò: ẹ pa táàpù rẹ̀, kí ẹ pe oníṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lókè ilé, ẹ tètè sọ fún ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ bí omi bá dà púpọ̀. Omi tó bá gba àjà lọ sí ibi gílóòbù lè ṣe wọ́n ní jàm̀bá. Bí ẹ kò bá rí táàpù ẹ̀rọ pa, ẹ pa táàpù ńlá tó ń fún gbogbo ilé lómi. Ẹ bi ẹnìkan lónìí láti fi ibi tí ó wà hàn yín. Ọjọ́ tí omi bá dà kọ́ ló yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Bí ẹ̀rọ tàbí aṣọ bá ń rùn

Bí a bá ń fi omi tútù fọ aṣọ nígbà gbogbo, ìdọ̀tí àti ọṣẹ á máa lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ, rọ́bà ẹnu rẹ̀ yóò sì bu dúdú. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ tan ẹ̀rọ láìsí aṣọ nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n ooru 60°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìfọṣọ, ẹ nu rọ́bà ẹnu gbẹ, kí ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ-ọmọ yín kéékèèké bá wà nílé, ẹ tì í, nítorí ọmọdé lè wọ inú rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ oníkápúsù aláwọ̀ mèremère pamọ́ sókè pẹ̀lú. Ọmọdé máa ń rò pé súìtì ni.

Ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà tàbí mọ́ oògùn tí a fi ń ya ohun funfun líle kúrò. Àpapọ̀ wọn ń mú èéfín olóró jáde tí ń dí ni lọ́nà ọ̀fun. Bí ẹ bá ti ṣe é láìmọ̀, ẹ jáde sí ibi afẹ́fẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí èémí bá nira, ẹ pe 999.

Òrí, epo àti ìpara: ìkìlọ̀ pàtàkì

Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi òrí para, tí dókítà sì ń kọ ìpara fún àwọn mìíràn nítorí ara gbígbẹ. Wọ́n dára fún awọ ara. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rin aṣọ, aṣọ náà yóò gbiná kíákíá bí ó bá kan ìṣáná, sìgá tàbí iná gáàsì. Fífọ aṣọ pẹ̀lú omi gbígbóná ń dín in kù. Kì í mú un kúrò pátápátá.

Nítorí náà, ẹ máa pààrọ̀ aṣọ ibùsùn àti aṣọ ìwọ̀sùn lóòrèkóòrè, kí ẹ má sì dúró nítòsí iná pẹ̀lú aṣọ tí ìpara ti rin. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí ń fi ooru gbígbóná mú aṣọ gbẹ, ẹ má ṣe fi aṣọ tí epo pupa, òróró tàbí òrí ti rin sínú rẹ̀. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná, kódà lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ. Ẹ máa nu asẹ́ òwú ẹ̀rọ náà lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó.

Ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ ìfọṣọ tàbí ẹ̀rọ tí ń mú aṣọ gbẹ kí ẹ tó lọ sùn tàbí kí ẹ tó jáde. Iná mànàmáná lè dínwó lóru, ṣùgbọ́n ẹni tó sùn kì í gbọ́ òórùn èéfín. Ẹ rí i pé agogo tí ń ké bí èéfín bá wà ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì dán an wò lóṣooṣù. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn panápaná àgbègbè yín pé kí wọ́n wá yẹ ààbò ilé yín wò.

Bí àtúnṣe bá pẹ́

Aṣọ abẹ́, aṣọ ìnura àti aṣọ ibùsùn ni kí ẹ fi ṣáájú, nítorí àwọn ni kòkòrò àrùn ń gbé lára wọn jù. Ìwọ̀n ooru 60°C ló dára fún wọn, tàbí 40°C pẹ̀lú ọṣẹ tó ní èròjà bílíìṣì nínú. Bí ẹnìkan nínú ilé bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì, ẹ fọ aṣọ rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ lo ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn náà.

Bí ẹ bá ń gbé aṣọ lọ sí ilé ìfọṣọ àdúgbò, ẹ pín ẹrù náà sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ lo kẹ̀kẹ́ ọjà. Ẹ má ṣe rẹ aṣọ ìbora sínú ọpọ́n ìwẹ̀. Aṣọ tó mu omi wúwo, títẹ̀ba láti gbé e jáde sì lè ba ẹ̀yìn yín jẹ́ tàbí kó mú yín yọ̀ ṣubú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà kì í fẹ́ sọ. Bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń bọ́ lára yín láìmọ̀, ẹ̀rọ tó bàjẹ́ yóò mú ìnira náà di méjì. Ẹ má ṣe fi í pamọ́, ẹ má sì dín omi mímu kù nítorí rẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín. Ìtọ́jú wà fún un, àwọn tó ń ṣe é sì ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣáájú yín.

Aṣọ tútù tí a sá sínú ilé lè tú omi tó líta méjì sínú afẹ́fẹ́. Omi yìí ló ń mú kí ògiri bu dúdú, èyí tí ń da àyà àwọn tó ní ikọ́ fée láàmú. Ẹ sá aṣọ sí yàrá kan ṣoṣo, ẹ ṣí fèrèsé rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì pa ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ́ aṣọ sórí ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń lo iná mànàmáná tàbí gáàsì. Kí àyè tó mítà kan wà láàárín wọn.

Ta ni yóò tún un ṣe, ta ni yóò sì san owó?

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé tí ẹ sì bá ẹ̀rọ náà nínú ilé, onílé ló sábà yẹ kó tún un ṣe. Ẹ kọ̀wé sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá rà á ní ilé ìtajà, òfin Consumer Rights Act 2015 dáàbò bò yín. Láàárín ọjọ́ 30 àkọ́kọ́, ẹ lè dá ẹ̀rọ tó lábùkù padà kí ẹ gba gbogbo owó yín. Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹni tó tà á ni yóò fi hàn pé àbùkù náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ rà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó tún un ṣe tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe ju ìwé ẹ̀rí ìsanwó nù.

Ẹ tún yẹ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ yín wò, èyí tí a kọ sí inú ẹnu ilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ máa ń pè é padà nítorí ewu. Ní oṣù Kejìlá 2019, a kéde ìpadàbọ̀ àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ Hotpoint àti Indesit tó lé ní 500,000 ní Bìrìtéènì, lára àwọn tí a ṣe láàárín oṣù Kẹwàá 2014 àti oṣù Kejì 2018, nítorí pé ìdènà ilẹ̀kùn wọn lè gbóná jù kó sì gbiná. Bí ti yín bá jẹ́ ọ̀kan lára wọn tí a kò sì tíì tún un ṣe, ẹ yọ plọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ kàn sí àwọn tó ṣe é. Ọmọ tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé lè bá yín wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Àwọn kan máa ń pe àgbà lórí fóònù pé ìdánilójú ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn ti fẹ́ parí, kí wọ́n ka nọ́ńbà káàdì báńkì wọn. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe gba àjèjì tó kan ilẹ̀kùn pé òun ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kí ẹ tó jẹ́ kí oníṣẹ́ wá, ẹ béèrè iye tí yóò gbà kó tó wo ẹ̀rọ, àti iye tí yóò gbà kó tó tún un ṣe. Ẹ má ṣe san gbogbo owó ṣáájú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Àwọn nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ ní lọ́wọ́

• 999: iná tó ń jó, iná mànàmáná tó gbé ènìyàn, ìpalára ńlá.
• 111: ìmọ̀ràn ìlera nígbà tí kì í ṣe pàjáwìrì. Bí omi gbígbóná bá bó yín, ẹ fi omi tútù tó ń ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó pè. Ẹ má ṣe fi epo tàbí bọ́tà sí i.
• 105: iná mànàmáná tó lọ ní àdúgbò.
• 0808 223 1133: Citizens Advice, fún ẹ̀tọ́ yín lórí ohun tí ẹ rà àti fún ìfisùn oníjìbìtì.

Bí ẹ bá fẹ́ ògbufọ̀ lórí fóònù, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ní Gẹ̀ẹ́sì: "Yoruba". Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba àti ti ìlera ló lè wá ẹni tó gbọ́ èdè yín.

Ẹ gé ojú ewé yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ yín. Bí ẹ bá ṣiyèméjì lọ́jọ́ kan, ẹ má ṣe ronú púpọ̀: bí ọwọ́ yín àti ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ yọ plọ́ọ̀gì, bí kò bá gbẹ, ẹ jáde kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, kí ẹ pe ẹnìkan. A lè ra ẹ̀rọ mìíràn. A kò lè ra ẹ̀mí.